Ìtàdógún kan, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni?

Ìyá kan ní àdúgbò wa ní Kubwa, l'Ábújá, ló bi mí léèrè. Olùkọ́ ní kí ọmọ rẹ̀ sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú ìtàdógún kan. Ọmọ fi ọjọ́ 17 ṣe ìṣirò rẹ̀, olùkọ́ fagi lé e. Ìyá ní, "Ṣé ìtàdógún kì í ṣe mẹ́tàdínlógún ni?"

Mẹ́tàdínlógún ni lóòótọ́, màmá, orúkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó máa kọjá kó tó pé, 16 ni. Àwọn baba wa, ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kà ní ení. Ẹ gbọ́ bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: òní ni ení, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ẹ̀ta wà nínú ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Ọjà ọrọọrún náà nìyẹn: bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọ́n tún máa ná an. Ọjọ́ mẹ́rin yìí ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí a fi ń bọ òrìṣà, mẹ́rin irú rẹ̀ ló sì di ìtàdógún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìsọmọlórúkọ. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Hausa bímọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní tó bá di kwana bakwai, àwọn á ṣe suna. Ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ wa fèsì pé, "Méje kẹ̀? Ọjọ́ kẹjọ la máa ń sọmọ lórúkọ." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá a fà á. Ọjọ́ Ajé kan náà ni tọ̀túntòsì ń sọ! Kwana, oorun alẹ́ ni. Hausa ka alẹ́ tí ọmọ ti sùn, ó jẹ́ méje. Àwa ka ojúmọ́ tó ti mọ́ bá a, ó jẹ́ mẹ́jọ.

Ìyókù kò le. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ìṣẹ́jú kan, 3,600 ni wákàtí kan, 86,400 ni ọjọ́ kan. Ẹ ká 86,400 lọ́nà 16, ó di 1,382,400. Ọmọ tó fi 17 ká a gba 1,468,800, ó fi odidi ọjọ́ kan lé e. (Àáyá, ẹ̀yà ọ̀bọ ni; wọ́n ní ojú rẹ̀ yára ṣẹ́ ju tiwa lọ. Àpèjúwe lásán ni, ẹ má fi wọn nǹkan: ìpéǹpéjú ènìyàn pàápàá kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó pa dé, kó sì là.)

Bí ọmọ bá fẹ́ lọ síwájú, ọdún ọlọ́jọ́ 365 jẹ́ 31,536,000. Mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá kò pé ọjọ́ 12, ṣùgbọ́n bílíọ̀nù kan ju ọdún 31 àti oṣù mẹ́jọ lọ.

Kí ó kọ 1,382,400 sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ 16 ni òun lò.