Ìwé tí wọ́n kọ «Emmel négatif» sí kò tó gbọ́kàn lé

Àbúrò mi, o ní AS ni ọ́, pé àfẹ́sọ́nà rẹ mú ìwé àyẹ̀wò «Emmel négatif» bọ̀ láti Ìpóbẹ̀, àti pé bí nǹkan bá tilẹ̀ yíwọ́, fídíò kan lórí WhatsApp fi hàn pé àwọn òyìnbó ti ń gé fòníkú-fọ̀ladìde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Irú ìwé yẹn gan-an ni ìyàwó mi tọ́jú sínú Bíbélì rẹ̀ lọ́dún tí a ṣe ìgbéyàwó ní Kétu. Mo ṣì rántí òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n lù ú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé nínú àyẹ̀wò Emmel, wọ́n kàn ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì ni, wọn a dé e kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, wọn a sì máa wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì pupa yóò tẹ̀ bí dòjé. S, èròjà pupa ẹ̀jẹ̀ tí ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, nìkan ló lè fi hàn. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín AS àti SS, bẹ́ẹ̀ ni kò rí C rárá, irú èròjà pupa mìíràn tí ó yàtọ̀ sí A, tí ó sì wọ́pọ̀ níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀. AC ni ìyàwó mi. Ọmọ wa kejì gba S lọ́wọ́ mi, ó gba C lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó di SC, fòníkú-fọ̀ladìde ni òun náà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, yóò di itan mú, a ó máa fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyá mi ní iṣẹ́ ayé ni, èmi náà sì náwó lé ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ní parọ́. Ọmọ pé ọdún mẹ́fà kí dókítà kan ní Kútọnu tó béèrè fún électrophorèse, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi lẹ́tà méjèèjì hàn.

Fídíò tí o wò kò parọ́ tán. Casgevy ni orúkọ ìtọ́jú náà. Ìlú Ọba fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá. Lára ohun tí ó la ọ̀nà fún un ni ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2008 lórí àbùdá àwọn ará erékùṣù Sardinia tí wọ́n lé ní 4,000, níbi tí wọ́n ti rí i pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní BCL11A wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí àgbà máa ṣe irú èròjà pupa tí ọmọ ń lò ní ikùn ìyá rẹ̀. Wọn a fa sẹ́ẹ̀lì jáde lára aláìsàn, wọn a gé ibi tí BCL11A ti ń gba agbára kí èròjà ti inú oyún yẹn lè tún máa jáde, wọn a fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ run, kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí i lára. S kò kúrò níbẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ṣì lè fi lé ọmọ lọ́wọ́. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, ó lé ní bílíọ̀nù kan séfà. (Orúkọ Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fún ọ̀kan lára ìran S yìí. Ibi tí orúkọ wa dé, àpò wa kò dé e.)

Orí WhatsApp kan náà ni wọ́n ti ta àgbo «agé-àbùdá» fún mi, orí rẹ̀ náà sì ni ìyá ọlọ́mọ kan ní Àjàṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n máa mú ọmọ lọ yẹ ojú wò, nítorí SC a máa ba ojú jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ṣe électrophorèse. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ bá jẹ́ AA, ẹ máa bá ètò yín lọ. Bí ó bá jẹ́ AS tàbí AC, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò ní fòníkú-fọ̀ladìde, ní oyún kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì fún yín ní ìwé tí kò sí lẹ́tà méjì lórí rẹ̀, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀.