Ẹ̀wà ìbejì: ṣé kí n rọ ọ́ sínú ike?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ẹ ní ìyá ọkọ yín ní kí ẹ se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò nítorí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ wá ń béèrè ohun tó túmọ̀ sí, àti bóyá ẹ lè kàn rọ ọ́ sínú ike kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé kálukú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sínú ike. Òrìṣà ni ìbejì lójú àwọn baba wa, àmọ́ òrìṣà tó jẹ́ ọmọdé ni. Ohun tí inú ọmọdé ń dùn sí ni wọ́n sì fi ń ṣìkẹ́ wọn: ẹ̀wà tí epo pupa jẹ dáadáa, ìrèké, orin, ijó. Ẹnu àwọn ọmọ tó wá jẹ ẹ́ ni ìbejì fi ń jẹun. Ẹ lè se ìkòkò mẹ́ta. Bí ọmọ kankan kò bá jókòó tì í, oúnjẹ lásán lẹ sè, kò tíì di ẹ̀wà ìbejì.

Lágbàlá ilé wa, àwo ńlá kan ni ìyá àgbà máa ń bù ú sí, nílẹ̀, lórí ẹní. A ó ti fọ ọwọ́ wa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, a ó yẹ̀ fún un kó lè débi epo. Ọmọ tá a bá jà lánàá, a ó bá a nídìí àwo náà. Kí ẹ̀wà tó tán, ìjà ti tán.

Owó ẹ̀wà náà kì í sábà jẹ́ ti ìyá nìkan. Ifá a máa ní kí ìyá gbé ìbejì jó kiri ọjà, àwọn ará ọjà a sì máa ta á lọ́rẹ. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń pe èyí ní agbe: owó tí àdúgbò fi sílẹ̀ ló ń padà sẹ́nu ọmọ àdúgbò.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àṣà ìbejì yìí dé Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Níbẹ̀, wọ́n so ìbejì pọ̀ mọ́ Cosme àti Damião, ìbejì tó jẹ́ ẹni mímọ́ nínú ìjọ Àgùdà. Bí ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án bá ti pé, wọ́n á rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, wọ́n á fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè é. Caruru ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà àti àkàrà kì í gbẹ́yìn. Ọmọdé méje ló ń kọ́kọ́ jókòó yí àwo kan ká nílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ jẹ ẹ́, àgbà á máa kọrin fún wọn. Ẹ̀yìn wọn ni àgbà tó ń jẹ. Èyí tó wù mí jù ni ti odidi ilá. Wọ́n á ju díẹ̀ sínú ìkòkò láìgé e. Ẹni tó bá bá a nínú àwo rẹ̀, òun ni yóò sè é lọ́dún tó ń bọ̀. Àlejò wá di onílé.

Nítorí náà, ẹ tẹ́ ẹní. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù epo, ẹ ní kí àwọn ìyá wọn wọ aṣọ ilé fún wọn. Ẹ gbé Táíwò àti Kẹ́hìndé sáàárín wọn, bí wọn ò tiẹ̀ tíì léyín tí wọ́n á fi jẹ. Àwọn tó kù á bá wọn jẹ ẹ́.