Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pẹja

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní òun àti ìyàwó òun fẹ́ kó ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún 6, ọ̀kan ọdún 9, lọ lo ìsinmi létí adágún, pé kò sẹ́ni tó fi ìwọ̀ pẹja rí nínú wọn, kí làwọn máa rà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì náwó. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí mo ti ṣe é rí, mo sì bà á jẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ tí mo ní ò pọ̀: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ẹ̀yin ò ní pẹja rárá. Àwọn ọmọ ló máa pẹja, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọmọọ̀ṣẹ́ wọn, ẹ máa fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, ẹ máa tú okùn, ẹ máa yọ ẹja. Tẹ́ ẹ bá ra ọ̀pá tiyín, wàhálà lẹ rà yẹn.

Èmi nígbà tèmi, ọ̀pá oníríìlì (èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ká okùn) 4 ni mo rà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ọ̀kan. Mo ti wo fídíò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá apẹja. Aago 12 ọ̀sán la débẹ̀, oòrùn ń ta janjan, àṣé àsìkò tí ẹja ń sá wọ ibi jíjìn lọ nìyẹn. Kí n tó so ìwọ̀ mọ́ okùn ẹnì kẹrin, ti ẹnì kìíní ti lọ́ mọ́ ti ẹnì kejì, ni mo bá jókòó sórí koríko tí mò ń tú okùn bí ẹni tó ń tú irun dídì, mo tú eléyìí tán tọ̀hún tún lọ́. Nínú wákàtí mẹ́ta tá a lò, mi ò rò pé ìwọ̀ kankan wà nínú omi tó ogún ìṣẹ́jú.

Ìyẹn gan-an ṣì dáa o. Ọmọ mi ọkùnrin gbé ọ̀pá sẹ́yìn kó lè sọ ìwọ̀ sómi, èmi wà lẹ́yìn ẹ̀ tí mò ń ṣe tíṣà, ìwọ̀ ò débi omi, àtàǹpàkò mi ló kọ́. Kò kọ́kọ́ dùn mí. Ìgbà tí mo fẹ́ fà á yọ ni mo tó mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀, torí ẹ̀gún kékeré kan wà létí ẹnu ẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn, ìyẹn ló dẹran mú, mo fà á, awọ ọwọ́ mi kàn ń ga sókè bí àgọ́ ni, ìwọ̀ ò jáde. Ọmọ ń sunkún. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí ni, ẹ mọ irú wíwò yẹn. Ọsibítù la ti lọ yọ ọ́. A wà lọ́nà ni àǹtí mi pè, wọ́n ní "Ẹja ń bákàn?" Mo ní àǹtí, àtàǹpàkò ni.

Torí náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi pùláyà tẹ ẹ̀gún yẹn mọ́lẹ̀ lára gbogbo ìwọ̀ tẹ́ ẹ bá mú dání. Bó ṣe wọlé náà lá máa jáde, ì báà jẹ́ lẹ́nu ẹja, ì báà jẹ́ lára èèyàn. Ẹja kan lè tìtorí ẹ̀ bọ́, àmọ́ tí okùn ò bá ti dẹ̀ kì í sábà bọ́, tó bá sì bọ́ kó máa lọ jàre. Kí gbogbo yín wọ fìlà àti awò ojú. Tí ìwọ̀ bá lọ kọ́ nítòsí ojú (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o), kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ dókítà tààrà.

Ọdún kejì la tó padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀pá ọparun kan péré ni mo mú dání, gígùn ẹ̀ bíi mítà 3, mo so okùn tó gùn tó o mọ́ ṣóńṣó ẹ̀, kò sí ríìlì, kò sí jíju nǹkan, èèyàn á kàn na ọ̀pá sórí omi á sì rọra sọ ìwọ̀ kalẹ̀. Okùn ò rí nǹkan lọ́ mọ́.

Ìwọ̀ tí mo rà lákọ̀ọ́kọ́ ti tóbi jù, mo rò pé ìwọ̀ ńlá ẹja ńlá, àwọn ẹja kéékèèké kàn ń jẹ ìjẹ mi jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń lọ. Nọ́ńbà tó wà lára páálí ẹ̀ sì máa ń dààmú èèyàn, torí bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, 10 kéré sí 6, àfi àwọn tí wọ́n kọ 1/0, 2/0 sí, ìyẹn ló ń tóbi bó ṣe ń gòkè. Ẹ ra 8 tàbí 10. Ẹ fún hóró òjé kékeré kan mọ́ okùn, kó fi bí ìbú ọwọ́ méjì ga ju ìwọ̀ lọ, fílóòtì, ìyẹn nǹkan fúyẹ́ tó máa ń léfòó tẹ́ ẹ ó máa wò, á wà lókè. Ekòló, ẹ má fi odidi ẹ̀ há ẹnu ìwọ̀, ẹ gé e, torí ìrù tó bá ń ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ nísàlẹ̀ ni ẹja máa fà jẹ.

Kókó tẹ́ ẹ máa fi so okùn mọ́ ìwọ̀ wá lọ̀rọ̀ wà o. Ẹ ki okùn bọ ojú ìwọ̀ (ihò tó wà lórí ẹ̀), ẹ yí i mọ́ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà, ẹ dá orí ẹ̀ padà gba ihò kékeré tí okùn fúnra ẹ̀ ṣe nítòsí ojú ìwọ̀, kẹ́ ẹ tó fà á le ẹ tutọ́ sí i. Mi ò ṣeré. Tẹ́ ẹ bá fà á ní gbígbẹ, ooru á mú okùn níbi tó ti ń ha ara ẹ̀, kò ní lágbára mọ́. Ẹja tó kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ mi láyé mi, ó gbé e lọ ráúráú, nígbà tí mo fa okùn sókè, orí ẹ̀ ká kóló bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n wá sọ fún mi pé kókó ló yọ̀, okùn kọ́ ló já.

Àárọ̀ kùtù la lọ. Ibi òjìji igi tí koríko omi wà la dúró sí, ẹ̀bá ẹsẹ̀ wa níbẹ̀ la sì sọ ìwọ̀ sí, torí àwọn ẹja kéékèèké kì í jìnnà sétí omi, àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ la máa ń fẹ́ jù ú dé ìdajì adágún. Kẹ́ ẹ sì má jẹ́ káwọn ọmọ máa fẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹja ń mọ̀ ọ́n lára.

Fílóòtì rì díẹ̀, ó padà wá, ó tún rì, lẹ́yìn náà ló wá ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á, ó bá pòórá. Mo ní kí ọmọbìnrin mi má já a, kó kàn gbé ọ̀pá sókè. Ẹja tó jáde ò ju ìka mi àárín lọ, ariwo tí ọmọ náà pa, ẹ máa rò pé erinmi ló mú. A fi omi ra ọwọ́ ká tó dì í mú, torí ohun tó ń yọ̀ lára ẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bò ó, ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó o kúrò, a sì dá a padà sómi. Tó bá jẹ́ àrọ̀ lẹ mú, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, ó ń gúnni gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ò fọwọ́ kan ọ̀pá rárá lọ́jọ́ yẹn, òkúta ló ń jù sómi lápá ibòmíì, mo fi í sílẹ̀. Wákàtí kan péré la lò, mo kó wọn kúrò nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ mí pé ó ku díẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó omi náà bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ àti irú ẹja tẹ́ ẹ lè mú, ibì kan ò jọ ibì kan. Kí àwọn ọmọ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì (ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì) létí omi náà, kì í ṣe inú ọkọ̀ nìkan. Gbogbo okùn tẹ́ ẹ bá gé, ẹ kó o délé, ó máa ń lọ́ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀.

Tó bá sì ṣe ọ̀pá oníríìlì lọkàn yín ń fà sí, mẹ́rin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Okùn ọ̀kan nínú wọn, mi ò tíì tú u tán títí dòní.