Iná oṣù Ọ̀pẹ (December) yàtọ̀ sí iná oṣù Ẹrẹ́nà (March)

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní agbègbè Ṣakí, bí ọyẹ́ bá ti dé ni àwọn bàbá wa ń kiná bọ ọ̀dàn. Nísinsìnyí, ó di ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀ kí àwọn ọdẹ àti darandaran tó sun ún. Àwọn igi òrí kéékèèké kò dàgbà mọ́. Ṣé kí a fòfin de iná pátápátá ni? — Àgbẹ̀ kan, Ṣakí.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ má fòfin dè é pátápátá, àkókò rẹ̀ ni kí ẹ dá padà. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú igbó ọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní oṣù Ọ̀pẹ, èkejì ní Ẹrẹ́nà, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn, síbẹ̀, nígbà tó fi máa tó nǹkan bí 30 ọdún, èyí tí iná kò dé ti ń di igbó, ti Ẹrẹ́nà jẹ́ ọ̀dàn tí igi rẹ̀ kò pọ̀, ti Ọ̀pẹ sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ní Ọ̀pẹ, ìdí koríko ṣì tutù, iná á máa rá nílẹ̀, á sì fo ibòmíràn. Ní Ẹrẹ́nà, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, ọwọ́ iná á ga ju ènìyàn lọ. Ẹ wa ìdí ọ̀kan nínú àwọn igi òrí kéékèèké yẹn wò: ẹ lè bá gbòǹgbò tó ki, tó ti di kókó, nígbà tí ọ̀mùnú orí rẹ̀ kò ju ìka lọ. Ọdọọdún ló ń rú, ọdọọdún ni iná ń jó o lulẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i.

Bí ẹ bá sì ní kí iná má dé ibẹ̀ rárá, koríko ọdún méjì, mẹ́ta á gbá jọ, ẹ̀ṣẹ́ná kan ṣoṣo nínú ẹ̀ẹ̀rùn á sì jó títí kan àwọn igi ńlá. Darandaran náà nílò koríko tútù tó ń hù lẹ́yìn iná, nítorí náà ẹ pe àwọn àti ọdẹ jókòó kí Ọ̀pẹ tó wọlé. Ẹ dáná náà ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò le, kí ìrì òru lè bá yín pa á. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó di igi nínú àwọn ọ̀mùnú náà, ẹ kan èèkàn sí i, kí ẹ máa ro ìdí rẹ̀ yípo lọ́dọọdún, títí orí rẹ̀ yóò fi ga kọjá ibi tí ọwọ́ iná ń dé.