Èsì: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan

Àbúrò mi, o béèrè bóyá ẹ̀tanú àwọ̀ nìkan ni ìwé ìtàn àròsọ To Kill a Mockingbird tí Harper Lee kọ ní 1960 dá lé. Rárá o. Wo ilé ẹjọ́ inú ìwé náà ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan Tom Robinson, ọkùnrin dúdú, pé ó fipá bá Mayella, ọmọbìnrin funfun, lò pọ̀: apá òsì Tom ti rọ, ó tilẹ̀ yọ̀ bọ́ lórí Bíbélì nígbà tó fẹ́ búra. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú Mayella ni wọ́n sì ti lù ú, iṣẹ́ ọwọ́ òsì pọ́ńbélé! Wọ́n ṣì dá Tom lẹ́bi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Tom sọ pé àánú Mayella ṣe òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá a, torí wọn ò gbà kí ọkùnrin dúdú ṣàánú obìnrin funfun. Mayella fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òṣì ń ta á, kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan; ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa òṣì àti ìdánìkanwà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ.