Mo fi gílóòbù LED sí ọ̀kadà mi: ó ń ṣẹ́jú, bátìrì sì ń kú

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ọ̀gá réwáyà. Ìsánlú ni mo wà, ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun. Mo ń gbé èrò, mo sì ń kó iṣu láti oko lọ sí Kàbà. Iná iwájú tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kò mọ́lẹ̀ tó. Bí ẹnjínì kò bá ṣiṣẹ́, kì í tàn rárá. Bí mo bá sì dín eré kù, òun náà á rẹlẹ̀. Mo wá ra gílóòbù LED tó ní fáànù lẹ́yìn. Bí mo ṣe fi í sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbàkígbà tí mo bá dúró, àfi tí mo bá fún ẹnjínì lépo dáadáa. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe wáyà níbí fa wáyà tuntun láti orí bátìrì lọ sí ìdí gílóòbù náà. Kò ṣẹ́jú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n sítátà kì í yí láàárọ̀ mọ́, ohùn fèrè ti lọ sílẹ̀, àwọn onímọ́tò tá a bá pàdé lálẹ́ sì ń bú mi pé mo ń fọ́ àwọn lójú. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi gan-an kò rí kòtò iwájú mi dáadáa. Ṣé kí n dá gílóòbù àtijọ́ padà ni, àbí kí n ra bátìrì tó tóbi ju èyí lọ?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, ẹ kú làálàá ọ̀nà. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, wáyà tuntun tí wọ́n fà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ǹjẹ́ fíúsì wà lórí rẹ̀, nítòsí bátìrì? Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì títí ẹ ó fi rí ẹni bá yín fi í sí i. Abẹ́ táǹkì epo ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà kọjá, ó sì ń bá ọwọ́ ọ̀kadà yí sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà. Irin á máa ha á díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí rọ́bà ara rẹ̀ bá bó, tí bàbà inú rẹ̀ kan irin, gbogbo agbára bátìrì á gba ibẹ̀ kọjá, wáyà á pọ́n, iná á sì sọ lábẹ́ epo. Fíúsì áńpíà 5 tó fún gílóòbù LED kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí gun ọ̀kadà lálẹ́ pẹ̀lú wáyà tí kò ní fíúsì.

Ẹ tún wò ó bóyá iná náà máa ń kú bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé ẹnì kan lè gbàgbé rẹ̀ ní títàn mọ́jú, ìyẹn nìkan sì tó láti pa bátìrì. Rilé kékeré kan, ìyẹn súwíìṣì tó ń fi iná díẹ̀ ṣí ọ̀nà fún iná tó pọ̀, ló ń yanjú èyí: wáyà tó nípọn á wá láti bátìrì gba inú fíúsì lọ sí ẹsẹ̀ 30, 87 á lọ sí gílóòbù, 86 á gba iná láti ara wáyà tó ń jí nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, tó sì gba inú súwíìṣì ọwọ́ kọjá, 85 á sì lọ sí ẹ́ẹ̀tì (ara irin ọ̀kadà). Rilé kan gbọ́dọ̀ wà fún fúùlù, òmíràn fún dímù, kí súwíìṣì ọwọ́ yín lè máa darí méjèèjì.

Ó wá ku ti iná tó ń ṣẹ́jú. Ohun tí ẹ sọ nípa iná àtijọ́, pé kì í tàn láìjẹ́ pé ẹnjínì ń ṣiṣẹ́, pé ó sì ń tẹ̀ lé eré ẹnjínì, fi hàn mí pé iná AC ni ọ̀kadà yín ń fún gílóòbù iwájú. Kì í ṣe ara bátìrì ló ti ń wá. Kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ló ń fún un tààrà. Irú iná yìí kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín lílọ àti bíbọ̀ yẹn, ó máa ń kan òdo. Gílóòbù àtijọ́ kò ka ìyẹn sí, nítorí pé irin tínrín inú rẹ̀ ti gbóná, kò sì ní ráyè tutù kí iná tó padà dé. LED kò ní irin tó ń gbóná pamọ́. Bí iná ṣe já, ó kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó ṣe dé, ó tàn. Bí ẹnjínì bá ń yí jẹ́jẹ́, àlàfo náà gùn tó kí ojú rí i. Bí ẹ bá fún un lépo, ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí i mọ́. Nítorí náà, gílóòbù tí ẹ rà lè má bàjẹ́ rárá. Irú iná tí kò bá a mu ni wọ́n fún un.

Fífà tí wọ́n fà á láti bátìrì wo ṣíṣẹ́jú náà sàn, nítorí pé DC, iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ni ti bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe irú ọ̀kadà yìí pín iṣẹ́ kọ́ìlì sí méjì: apá tó tóbi ń tan iná iwájú, apá díẹ̀ ló ń ṣáàjì bátìrì. Fèrè, tíráfíkétọ̀ àti sítátà ni wọ́n fi sọ́kàn fún bátìrì, kì í ṣe iná tí yóò máa tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé òru. Ní báyìí, apá tó tóbi kò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, apá kékeré ló wá ń ru gbogbo ẹrù. Bí gílóòbù yín bá ń jẹ wáàtì 20, áńpíà 1.7 nìyẹn lórí fóòtì 12. Bátìrì tí wọ́n kọ 5Ah sí lára, bó tilẹ̀ kún dáadáa, kò ní tó wákàtí 3 lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun kò bá wọlé. Kó tó dé ibẹ̀ rárá, sítátà á ti kọ̀. Ọ̀kadà yín ń jẹ èbù ni.

Ẹ má gbára lé wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí gílóòbù LED. Wọ́n máa ń bù ú pọ̀. Ẹ ní kí réwáyà yín fi mítà sáàárín wáyà rẹ̀ kó wo áńpíà tó ń gbà, kó sì fi fóòtì sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tó bá jáde ni wáàtì rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ fi mítà kan náà wo orí bátìrì. Bí ọ̀kadà bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó kún máa ń fi fóòtì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti lọ sí ìdajì. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹnjínì, ẹ tan iná, ẹ fún un lépo bí ìgbà tí ẹ bá ń rìn níwọ̀nba. Ó yẹ kí ẹ rí fóòtì 13.5 sí 14.5. Bó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, tó sì ń lọ sílẹ̀, ohun tó ń jáde ti ju ohun tó ń wọlé lọ. Bó bá kọjá 15, régúlétọ̀, èyí tó ń dá fóòtì dúró kó má pọ̀ jù, ti bàjẹ́, kò sì sí LED tó máa pẹ́ lórí ọ̀kadà bẹ́ẹ̀. Ìdí yìí kan náà ni mo fi ń bẹ àwọn tó yọ bátìrì dànù tí wọ́n ń fi kíìkì tan ọ̀kadà: ẹ má fi LED sí i. Bátìrì ló ń bá régúlétọ̀ gba fóòtì tó bá ṣàdédé fò sókè. Bí kò bá sí níbẹ̀, gílóòbù ló máa gbà á.

Ọ̀nà méjì ni mo rí fún yín. Èkíní ni kí ẹ padà sí gílóòbù wáàtì 35/35 àtijọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tún ọ̀nà tí iná ń gbà ṣe. Mo fẹ́ràn èyí ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ iná iwájú tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́lẹ̀, ìdọ̀tí ló wà nínú súwíìṣì rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti pọ́n, ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dípẹtà. Bí fóòtì tó dé ìdí irú gílóòbù yìí bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ wo bí ó ti pọ̀ tó! Ẹ há ojú ibi tí ẹ́ẹ̀tì ti kan irin títí yóò fi dán, ẹ fa ẹ́ẹ̀tì tuntun lọ sí ìdí gílóòbù, ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jóná. Bí abala tó ń dán nínú iná bá ti ṣú tàbí bó, kò sí gílóòbù tó máa gbà á sílẹ̀. Odindi iná iwájú ni kí ẹ pààrọ̀.

Èkejì ni kí ẹ sọ kọ́ìlì di ti DC pátápátá: kí réwáyà ṣí ibi mágínẹ́ẹ̀tì, kó já orí kọ́ìlì tí wọ́n so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, kó mú orí méjèèjì jáde lọ sí régúlétọ̀ irú èyí tó ń kó lílọ àti bíbọ̀ iná náà pọ̀, kó sì jẹ́ pé bátìrì ló ń gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, LED á tàn láìṣẹ́jú, bátìrì á sì máa ṣáàjì. Iṣẹ́ ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ ni. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, inú ọ́ìlì ni kọ́ìlì yẹn wà, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ má gba ẹni tó kàn fẹ́ dán an wò láàyè.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra gílóòbù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, H4 wáàtì 60/55. Ìdí rẹ̀ fẹ́ jọ ti HS1 ọ̀kadà, wọ́n sì máa ń fi fáìlì há etí rẹ̀ kó lè wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kọ́ìlì yín kò lè bọ́ ọ, wáyà tín-ín-rín yẹn á máa gbóná, ike inú iná iwájú á sì yọ́.

Ní ti ojú àwọn ẹlòmíràn tí ẹ ń fọ́ àti kòtò tí ẹ kò rí, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Wọ́n ṣe abala tó ń dán nínú iná yẹn fún irin tínrín kan tó wà ní ojú ibì kan pàtó. Bí LED kò bá jókòó sí ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fọ́n káàkiri: díẹ̀ sókè sójú awakọ̀ tó ń bọ̀, púpọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ táyà yín. Ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nítòsí yẹn á mú kí ẹyinjú yín sún kì, òkùnkùn iwájú á wá túbọ̀ dúdú. Ẹ yí gílóòbù náà kí ojú LED rẹ̀ kọ sí ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe òkè àti ilẹ̀. Bí kò bá ṣeé yí, tàbí tí ẹ yí i tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì fọ́nká lára ògiri, gílóòbù náà kò bá iná yín mu, iyekíye tí ẹ rà á.

Ògiri yẹn náà ni ẹ ó fi tọ́ ọ. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní mítà 5 sí ògiri, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí ibi tó bá gíga iná yín dọ́gba. Bí ẹ bá tan dímù, orí ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀ àmì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹrù ni ẹ̀yin ń kó. Bí àpò iṣu bá ti wà lẹ́yìn, ìdí ọ̀kadà á rẹlẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná tí ẹ tọ́ láìsí ẹrù á sì bọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀ tààrà. Nítorí náà, ẹ gbé ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé sí i, ẹ jókòó sórí rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá bá yín yí bóòtù rẹ̀. Ẹ yí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn le sí i pẹ̀lú nígbà ìkórè iṣu. Ẹni tó bá ti pàdé tírélà sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ọ̀bàjánà lálẹ́ mọ̀ pé awakọ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ yín wá láìmọ̀.

Àwọ̀ iná náà ṣe pàtàkì lójú ọ̀nà tiwa. Ilẹ̀ pupa kì í dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù padà dáadáa. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra LED, mo fara mọ́ èyí tí wọ́n kọ 4300K sí, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ju 6500K tó fẹ́ jọ búlúù lọ. Rọ́bà tó bo ẹ̀yìn iná iwájú, ẹ má gé e sọnù torí fáànù: eruku ọyẹ́ á dí fáànù náà, omi òjò á sì wọlé.

Lórí bátìrì ńlá tí ẹ béèrè, ẹ fi owó yẹn pamọ́. Kì í ṣe bátìrì ló ń ṣe iná, kọ́ìlì ni. Èyí tó tóbi kàn máa pẹ́ díẹ̀ kó tó kú ni, ó sì máa pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ kó tó kún padà. Ẹ fi í san owó iṣẹ́ kọ́ìlì àti régúlétọ̀, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà tuntun, kí ẹ sì ṣáàjì èyí tó wà nílẹ̀ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó fi mítà wò ó.