Ẹ wá ẹni tó ni omi kí ẹ tó gbé pátákó

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí ẹ fòfin de ìwẹ̀ odò pátápátá ní ọgbà etí omi yín, àbí kí ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún un. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe irú òfin yẹn rí, ojú mi rí nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ààlà. Kì í ṣe máàpù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì o, ìwé ilẹ̀ gan-an. Níbi tiwa, ẹni tó ni koríko kọ́ ló ni omi. Ọmọkùnrin kan bẹ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó "Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbí." Ẹ̀ṣọ́ wa já ìwé ìtanràn fún un, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọgbà sọ pé ibi tí koríko parí sí ni àṣẹ òun mọ. Mo lọ bá àwọn tó ń bójú tó omi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló kan àwọn, kì í ṣe èèyàn tó ń wẹ̀. Wọ́n sọ mí di bọ́ọ̀lù. Nígbà tí lọ́yà ọmọ náà dé, ohun kan ṣoṣo ló béèrè: abala wo ló dárúkọ iye owó ìtanràn? Kò sí! Àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbowó kọ òfin yẹn kọ "a kò fàyè gbà á" káàkiri, wọn ò kọ ìyà tó wà fún un, wọn ò kọ ẹni tó láṣẹ láti múni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Tí omi yín bá sì máa ń kún tó máa ń fà, ààlà náà ń sún. Ẹ ní kí àwọn tó ń kọ òfin kọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n sínú rẹ̀.

Ìyókù ò le: ẹ gbọ́ tẹnu aráàlú, kí aláṣẹ fọwọ́ sí i, ẹ gbé pátákó sí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ẹ lo àwòrán, òbìrìkìtì pupa tí wọ́n fa ìlà dábùú. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà, á mọ̀ ọ́n.

Ìgò ńkọ́? Ẹnu géètì ni kó ti dúró. Tó bá fi lè fọ́ sínú yanrìn, kò sẹ́ni tó lè ṣà á tán. Okùn ìwọ̀ tí àwọn apẹja já sílẹ̀ náà ń lọ́ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé àpótí tí àwọn apẹja á máa ju okùn yẹn sí fún wọn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìwẹ̀ odò. Tí kò bá sí ẹni tó mọ ìdóòlà tí yóò máa ṣọ́ wọn, ẹ fòfin dè é. Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo, kò rí èémí tó máa fi ké. Síbẹ̀, ẹ gbé róbà ìdóòlà, èyí tí wọ́n ń jù sí ẹni tó ń rì, kọ́ sétí omi. Tiwa, wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹrù, wọ́n ní kí olè má bàa gbé e.